Níwájú Ibo Ni Wọ́n Sún Ẹjọ́ Àbúrò Mi Sí?

Ẹ gbé ìwé yẹn kúrò lórí ẹní. Mo ní ẹ gbé e kúrò! Ẹ pa tàdáwà yẹn dé. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ òde òní, ẹ rí ìwé, ẹ sáré nàka bí ẹni tí wọ́n fẹ́ pín ẹran fún. Ọlọ́pàá mú ọmọ àjòjì kan nínú oko kòkó, wọ́n ní kí gbogbo ọdẹ ìlú wá tẹ̀ka sí ìwé, ẹ̀yin náà sì ti tò kalẹ̀. Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan nǹkan nínú ilé yìí títí màá fi sọ̀rọ̀ mi tán. Òjò ń rọ̀, kò sí ibi tí ẹ ń lọ. Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ẹ sì jẹ́ kí ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn wà bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé òjò ń pa á lẹ́yìn. Ẹ má fà á, ẹ má tì í. Ìtàn yìí á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èmi ni Ọdẹ́rìndé. Èmi ni mo tọ ipasẹ̀ ẹfọ̀n fún ọjọ́ mẹ́sàn-án láìjẹ ju ẹ̀pà lọ. Èmi ni mo wọ inú ihò lọ bá ọ̀yà, tí mo bá a sùn títí ilẹ̀ fi mọ́, tí ọ̀yà rò pé ìyàwó òun ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín, òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ti bi mí títí ohun tó jẹ àtàǹpàkò ọ̀tún mi. Mo sọ fún àwọn kan nínú yín pé ìkookò ni. Mo sọ fún àwọn mìíràn pé ìbọn ló bú mọ́ mi lọ́wọ́. Irọ́ ni mo pa fún gbogbo yín. Ojú ló ń tì mí.

Ìyá wa bí ọmọ mẹ́fà, ikú mú mẹ́rin, ó ku èmi àti àbúrò mi, Ìdògbé. Télọ̀ ni Ìdògbé. Òun ló ń rán aṣọ ilé ìwé fún gbogbo ọmọ ìlú yìí nígbà náà, ọ̀pọ̀ nínú yín ló sì ti wọ ṣòkòtò rẹ̀ rí. Ó ka ìwé mẹ́fà. Èmi ò ka ọ̀kan, igbó ni ilé ìwé mi.

Lọ́dún kan, wọ́n jí àpò kòkó mẹ́ta nínú àká olówó kan. Ọ̀sán gangan ni ọlọ́pàá dé. Ìdògbé wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, téèpù ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n ní kó dìde. Ó wojú mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n bá wọn lọ?"

Mo ní, "Máa bá wọn lọ. Ẹni tí kò jalè kì í sá fún ọlọ́pàá."

Ó tẹ̀ lé wọn tòun ti téèpù lọ́rùn. Ní ọjọ́ kejì, mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo ní kí wọ́n fún mi ní àbúrò mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ kó padà sílé, kí n ṣe onídùúró rẹ̀, kí n tẹ̀ka sí ìwé. Inú mi dùn. Mi ò béèrè ohun tó wà nínú ìwé náà. Mo ti àtàǹpàkò bọ tàdáwà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé gbàgà! Ọlọ́pàá náà yìn mí, ó ní ìka ọkùnrin ni ìka mi. Mo rẹ́rìn-ín.

Ìdògbé kò bá mi relé lọ́jọ́ náà. Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó gbé e dé kóòtù. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ láti òwúrọ̀, èmi jókòó bí ère. Àfi bí mo ṣe gbọ́ orúkọ mi lójijì: Ọdẹ́rìndé! Wọ́n tún pè é lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, háà, òkìkí mi ti dé etí adájọ́. Mo dìde, mo ṣí fìlà, mo tẹrí ba, mo rẹ́rìn-ín sí gbogbo kóòtù yí ká. Ìdògbé yíjú wò mí láti ibi tí wọ́n dè é sí. Ẹ rántí ìwò yẹn fún mi. Èmi rò pé ó ń fi mí yangàn ni.

Nígbà tí ó parí, akọ̀wé kóòtù jáde sí wa, ó sọ ọ́ ní Yorùbá, ó ní, "A ti sún ẹjọ́ síwájú."

Mo délé, ìyá wa ní, "Níbo ni ẹjọ́ dé?" Mo ní wọ́n ti sún un síwájú. Ìyá wa dúpẹ́. Ó ní, "Bó bá ń lọ síwájú, á jẹ́ pé kò dúró sójú kan. Ohun tó ń rìn, ó ń bọ̀ wá délé nìyẹn."

Wọ́n sún un síwájú lọ́dún náà, wọ́n sún un lọ́dún kejì, wọ́n sún un títí ó fi di ọdún kẹsàn-án. Ní ọdún kẹsàn-án yìí, ìyá wa sùn sórí ibùsùn kò sì dìde mọ́. Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn ni, "Níbo ni ẹjọ́ dé?"

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sí kóòtù. Akọ̀wé tún jáde, ó tún wí bó ṣe máa ń wí. Mo dì í lápá mú. Mo ní, "Akọ̀wé, níwájú ibo?"

Ó ní, "Baba ọdẹ, iwájú ni iwájú ń jẹ́!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo ní kò burú. Ẹran tó bá wà níwájú, ẹsẹ̀ ọdẹ ni yóò bá a. Mo lọ sílé, mo gbé ìbọn, mo fi àdá kọ́ èjìká, mo padà wá dúró sí ojú ibi tí akọ̀wé dúró sí, mo kọjú sí ibi tí òun kọjú sí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Mi ò yà sọ́tùn-ún, mi ò yà sósì. Ẹ̀yin ń wò mí bí ẹni tó ń wo wèrè. Ẹni tí àbúrò rẹ̀ wà lẹ́wọ̀n fún ọdún mẹ́sàn-án láìdá ẹjọ́, kí ló kù tí kò ní ṣe?

Igbó kan wà lẹ́yìn kóòtù náà tí ojú lásán kì í rí. Orúkọ rẹ̀ ni Igbó Onídùúró. Kò sí ẹyẹ lókè rẹ̀, kò sí kòkòrò nílẹ̀ rẹ̀. Àwọn igi rẹ̀ tò ní ìlà ìlà, kò sì sí èyí tó ga ju ènìyàn lọ. Mo fi àdá kan ọ̀kan lára, ó ní, "Rọra, ara ń ro mí."

Yéè! Mo fò sẹ́yìn bí ẹni tí ejò ṣán. Obìnrin ni igi náà. Gèlè ṣì wà lórí rẹ̀, ewédò ti hù lórí gèlè. Mo ní, "Ìyá, ta ló sọ yín di igi?"

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó sọ mí di igi. Wọ́n ní kí n wá ṣe onídùúró ọmọ mi, mo dúró. Wọ́n ní adájọ́ ò wá, kí n dúró. Wọ́n ní ìwé sọnù, kí n ṣì dúró. Nígbà tí mo ní kí n gbé ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ti wọlẹ̀ lọ."

"Ọmọ yín ńkọ́?"

"Bó o bá rí i níwájú, sọ fún un pé mo ṣì wà níbí. Ṣùgbọ́n má dúró bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́, ọkùnrin yìí. Wo ẹsẹ̀ rẹ!"

Mo wolẹ̀. Àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ti gùn, wọ́n ti ń wọ inú ilẹ̀ lọ bí gbòǹgbò igi. Mo fà á, kò wá. Mo pe ògèdè tí bàbá mi fi ń já okùn, ilẹ̀ ò dá mi lóhùn. Èèpo ti ń bo orúnkún mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí ké bí ọmọdé. Obìnrin náà pariwo, ó ní, "Ẹni tó bá dúró nìkan ni ilẹ̀ yìí ń mú! Dọ̀bálẹ̀!"

Èmi Ọdẹ́rìndé, tí mi ò dọ̀bálẹ̀ fún ẹranko kankan rí, mo da àyà délẹ̀. Ilẹ̀ tú ẹsẹ̀ mi sílẹ̀. Ọjọ́ méje ni mo fi fàyà wọ́ nínú igbó yẹn, mò ń gba àárín ẹsẹ̀ àwọn tó ń dúró kọjá, wọ́n ń sọ orúkọ ọmọ wọn àti ọkọ wọn sí mi létí pé kí n bá àwọn béèrè. Akínwándé, ìwọ lò ń rẹ́rìn-ín? Ìwọ tí ọ̀kẹ́rẹ́ gba àdá mọ́ lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá? Máa rẹ́rìn-ín lọ. Àwọn orúkọ náà lé ní igba, mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú wọn, ó sì ń dùn mí títí di òní.

Nígbà tí mo jáde nínú igbó, mo já sí ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àwòmáfọwọ́kàn. Ìlú náà mọ́ tónítóní. Láàárín rẹ̀ ni ilé kan wà tí ògiri rẹ̀ jẹ́ dígí, ìyá arúgbó kan sì jókòó nínú rẹ̀ lórí àga idẹ. Láràárọ̀ ni gbogbo ìlú ń wá kí i. Wọ́n á nu dígí, wọ́n á kí i ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, wọ́n á bá tiwọn lọ. Mo bi ọkùnrin kan pé ta ni.

Ó ní, "Ìyá Òfin Ìpilẹ̀ nìyẹn. Òun ló ni gbogbo wa, gbogbo wa la sì ni ín."

"Ṣé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀?"

"A ò bi wọ́n ní nǹkan rí."

Ẹ gbọ́ mi. Mo rò pé màá fi ìdí ìbọn fọ́ dígí ni. Mo ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn ṣí. Wọn ò tì í! Ìyá arúgbó náà gbé ojú sókè, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ìwọ ni ẹnì kẹta tó wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi síbí. Jókòó. Kí n pa àlọ́ kan fún ọ ná. Kí ni ó jẹ́ ti gbogbo ayé, síbẹ̀ ẹni tí kò bá mọ̀ pé òun ní in, kò ní in?"

Mo ní, "Afẹ́fẹ́."

"Òmùgọ̀ ń mí afẹ́fẹ́."

"Ikú."

"Ikú ń pa ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀tọ́ ni, ọmọ mi. Ẹ̀tọ́. Ó dára, sọ tìrẹ."

Mo rò fún un láti orí téèpù ọrùn Ìdògbé títí dé ikú ìyá wa. Ó ní, "Ọjọ́ mélòó ló lò lọ́wọ́ ọlọ́pàá kó tó fojú kan adájọ́?"

"Oṣù mẹ́rin."

"Ọjọ́ kan ni mo wí. Bó pẹ́ títí, ọjọ́ méjì. Ṣé wọ́n sọ fún un pé ó lè dákẹ́ títí lọ́yà rẹ̀ á fi dé?"

"Ìyá, a ò ní lọ́yà. A ò mọ̀ pé a lè ní."

"Ta ló ní kí wọ́n máa pè é ní olè nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tíì dá a lẹ́bi? Ìwọ tó o tẹ̀ka ńkọ́? Ṣé wọ́n ka ìwé náà sí ọ létí ní èdè tó o gbọ́?"

Mo yíjú sí ògiri dígí. Ìyá náà wò mí pẹ́, kò tún un bi mí. Inú wá bí mi, ẹ mọ̀ pé mo máa ń bínú. Mo ní, "Ẹ mọ gbogbo èyí, ẹ sì jókòó sínú dígí! Lọ́dọ̀ wa, òfin àti ọ̀fìn, a ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ohun tí tálákà ń já sí ni àwọn méjèèjì."

Kò bá mi jà. Ó ká ìró rẹ̀ sókè díẹ̀. Kò ní ẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ẹni tó bá béèrè ni mo fi ń rìn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Máa lọ síwájú. O máa bá ọkùnrin kan tí ìbọn ò ràn. Béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀: Kí ló ṣe? Ta ló rí i? Ọjọ́ wo lẹ máa dá a? Má fi ọ̀kan sílẹ̀, bí èsì rẹ̀ tilẹ̀ máa dùn ọ́."

Mo dìde, mo kí i, mo ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo wẹ̀yìn wò, mo rí i tí ẹnì kan sáré wá pa á dé.

Ibi tí mo tún dé ni pápá kan tí kò ní òpin. Ibẹ̀ ni iwájú tí akọ̀wé ń wí. Àwọn ẹjọ́ pọ̀ níbẹ̀ ju èèrùn lọ. Ìdì ìwé ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi okùn pupa dì í, ó ní ẹsẹ̀ mẹ́rin bíi ti ìjàpá, ó sì ń fi ohùn ẹni tó ni ín kérora. Wọ́n fa ìlà funfun kan sílẹ̀. Ẹjọ́ tó bá ti fẹ́ kan ìlà náà, òmìrán kan á fi ọ̀pá gígùn tì í, á ní, "Síwájú!" Ìlà á sì tún sún jìnnà sí i. Orúkọ òmìrán náà ni Ódìgbàmíì.

Mo ní, "Ìwọ Ódìgbàmíì, ẹjọ́ àbúrò mi ni mo wá gbà!"

Ó ní, "Ó dìgbà míì."

Mo yin ìbọn sí i. Ó ní, "Ó dìgbà míì," ọta sì dúró lójú ọ̀run. Mo fi Ògún búra fún yín, ọta náà wà níbẹ̀ títí di òní. Mo yọ àdá, ó tún wí bẹ́ẹ̀, apá mi sì kọ́ sókè, kò wálẹ̀ mọ́. Mo wà níbẹ̀ bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, Ódìgbàmíì sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ìgbà náà ni mo rántí ìyá inú dígí. Mo gbé ohùn sókè, mo ní, "Ẹjọ́ Ìdògbé! Kí ló ṣe?"

Ọ̀pá dúró lọ́wọ́ òmìrán. Ó họrí. Ó ní, "Ó... ìwé kan sọ pé..." Kò mọ̀ ọ́n. Ó kéré títí ó fi ga tó mi. Apá mi wálẹ̀.

Mo ní, "Ọjọ́ wo lẹ máa dá a?"

Ó wá ọjọ́ náà títí, kò rí i. Ó kéré títí ó fi tó ọmọ ọwọ́. Ó ku ìbéèrè kan, mo sì bi í tìgboyà-tìgboyà, àyà mi le, mo ní, "Ta ló rí i?"

Inú ọ̀kan nínú àwọn ìdì ìwé náà ni èsì ti wá. Ó ní, "Èmi ni mo rí i."

Ohùn mi ni.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo sáré lọ síbi ìdì náà. Ódìgbàmíì ti di ẹ̀fọn, ó fò lọ, kò já mọ́ nǹkan kan lójú mi mọ́. Mo fi eyín já okùn pupa náà. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀. Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ni mo rí lórí ìwé náà, dúdú bí ọjọ́ tí mo tì í bọ tàdáwà, ẹnu wà lára rẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, "Èmi Ọdẹ́rìndé, mo rí àbúrò mi Ìdògbé tó gbé àpò kòkó mẹ́ta gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá."

Mo ní, "Irọ́ ni! Onídùúró ni mo ṣe! Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ rí!"

Ó ní, "Ìka ta ni mí? Wọ́n kọ ọ̀rọ̀, o sì fi mí tì í lẹ́yìn. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ní ìdí lára ọwọ́ rẹ, màá máa wí i lọ."

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Mo ti wo iwájú títí, ọwọ́ ara mi ni ohun tí mò ń wá wà. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ẹlẹ́rìí tó ń rọ́ àbúrò mi sẹ́wọ̀n káàkiri, mo fi ń yìnbọn, mo fi ń jẹun, mo fi bo ojú ìyá mi nígbà tó kú. Mo jókòó sílẹ̀ mo sunkún. Nígbà tí ẹkún tán, mo gbé ọwọ́ ọ̀tún lé orí òkúta, mo gbé àdá sí ọwọ́ òsì. Mi ò ní sọ bó ṣe dùn mí fún yín. Ẹnu tó wà lórí ìwé náà dákẹ́, ìwé sì funfun.

Ọdún méjì ni mo fi rìn padà. Mo gbé ìwé funfun náà síwájú adájọ́. Ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn, ó bi wọ́n pé ẹlẹ́rìí dà. Wọn ò rí ẹlẹ́rìí. Ó ní kí wọ́n tú u sílẹ̀, ó sì pe ẹjọ́ tó kàn. Gbogbo rẹ̀ ò pẹ́ tó kí ènìyàn sín. Ọdún mọ́kànlá, ẹ̀yin ará, kò sì sẹ́ni tó ní kó pẹ̀lẹ́.

Mo dúró de Ìdògbé lẹ́nu ọgbà ẹ̀wọ̀n. Orí rẹ̀ ti funfun ju tèmi lọ. Wọ́dà fún un ní téèpù rẹ̀ padà, èkúté ti jẹ ẹ́ dé ìdajì. Mo dì mọ́ ọn, kò dì mọ́ mi, ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. A rìn títí a fi fẹ́rẹ̀ẹ́ délé kó tó sọ̀rọ̀.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ rí mi. Mo ní irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Àfi bí ẹ ṣe dìde, tí ẹ ṣí fìlà, tí ẹ rẹ́rìn-ín." Ó ní, "Mo wá rò ó fún ọdún mọ́kànlá. Ẹ ò purọ́ fún mi rí. Mo ní bóyá mo gbé kòkó náà, tí mi ò kàn rántí."

Mo jẹ́wọ́ fún un níbẹ̀, mo fi ọwọ́ hàn án. Ó gbọ́. Ó ní kò burú. Ṣùgbọ́n ohun tí ènìyàn fi ọdún mọ́kànlá gbà gbọ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í lé e lọ lọ́jọ́ kan. Títí di òní, bí mo bá délé lójijì, á bi mí bóyá wọ́n ti rí àpò kòkó náà.

Ẹ wo ẹnu ọ̀nà wàyí. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ máa ń fi ṣẹ̀fẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ò mọ ibi tí òrùlé wà. Òjò ń pa á, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sì wọlé, nítorí pé lọ́gbà ẹ̀wọ̀n lọ́hùn-ún, wọn kì í kọjá lẹ́nu ọ̀nà àfi bí wọ́n bá pe orúkọ wọn. Ẹ fetí sílẹ̀.

Ìdògbé!

"Sà!"

Wọlé, àbúrò mi. Jókòó síbí.

Ẹ rí i bó ṣe kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ẹ rí i bó ṣe lóṣòó dípò kó jókòó. Akínwándé, o ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwọ lo mọ̀wé, mú ìwé yẹn wá. Kà á fún wa láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní Yorùbá, má fo ohunkóhun. Bó bá ní a rí ọmọ àjòjì yẹn lóko kòkó, kí ẹni tó rí i dìde, kó sọ ọjọ́ tó rí i. Kí ẹni tí kò rí nǹkan mú ọwọ́ rẹ̀ sápò. Ọmọ yẹn náà ní ẹ̀gbọ́n níbì kan. Bẹ̀rẹ̀, à ń gbọ́. Ẹyọ àtàǹpàkò kan ló kù lọ́wọ́ mi.